Káàdì Ìlera Tí Kò Mọ Àìsàn Ọpọlọ

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Láti Mówè níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Wálé àti ìyàwó wọn. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹrẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà, oníbàárà ò rọ́nà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni Kúnlé, ọkọ mi, ń ṣe l'Ékòó. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì fún wa ní káàdì. Òun ni mo fi bí Ayọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Nígbà tó yá, Kúnlé ò rí oorun sùn mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ará ọ́fíìsì ń bú òun nínú rédíò. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì. Nọ́ọ̀sì ní ibà wà níbẹ̀, ìbímọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ti ọpọlọ. Mo bi í pé ṣé orí ọkọ mi kì í ṣe ẹ̀yà ara ni. Ó ní òun kọ́ ló ṣòfin. Dókítà ní ká máa lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, àpò ara wa la ó ti san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo pè. Ẹ ní kí n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí n mú Kúnlé lọ sílé àdúrà kan lọ́nà Ifọ̀. Mo gbọ́ràn. Wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti degbò, ó sì rọra bi mí pé kí lòun ṣe. Mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo ta jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Oògùn bá a mu. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Àwa là ń ra oògùn yẹn, ìjọba ò sì yéé yọ owó káàdì. Láìpẹ́ yìí ọ̀kadà gbé e ṣubú n'Íbafò. Nílé ìwòsàn orí káàdì, wọ́n wẹ egbò orúnkún rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún kí i kú ewu.

Kúnlé fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi lẹ́tà yìí síwèé ìròyìn, kí n má sì yọ orúkọ òun. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá kí wa, òun ni kí ẹ bi léèrè àlàáfíà rẹ̀. Ẹ má pè mí sẹ́yìn ilé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Àìsàn tí àwọn ọmọ yín á máa fi pamọ́ kò ní ṣe yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀