Ẹkùrọ́ Márùn-ún Lójú Fèrèsé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú ìdúró. Ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ láti ìlú Dublin, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ láìsí ààrá kan. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Múínátù, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, kódà níbi tó bá ti bù mí kù. Mo fi lẹ́tà náà sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú nítorí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ wà níhìn-ín, tí àwọn náà ń sọ fún ìyá wọn pé àwọn ń bọ̀.

Ìyá mi, ẹ ti bi mí rí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, mo sì fi ẹ̀rín dá a kọjá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí. Bí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́, tàbí tí ilé ìwòsàn kan bá fi àwòrán egungun aláìsàn pamọ́, kì í ṣe inú fóònù tàbí ilé ìwòsàn yẹn ni iṣẹ́ náà ti ń parí. Àwọn èèyàn ní inú àwọsánmà ló ń lọ. Kò sí àwọsánmà kankan níbẹ̀. Ilé ńlá kan ni, tí kò ní fèrèsé, tó kún fún kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ dé àjà. Iṣẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà kò sì lè kárí wọn. Èmi ni mò ń kọ òfin tó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe, èyí tí yóò dúró, ẹ̀rọ tí yóò gbà á, àti ìwọ̀n àyè tí a ó fún un.

Iṣẹ́ yín náà ni. Nígbà tí ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń to báàfù ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin sórí ìlà. Ẹ ní kí báàfù kékeré máa kọ́kọ́ lọ, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè tètè relé. Òfin yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì, ó sì dára. Àmọ́ ẹ rántí ọjọ́ tí Ìyá Ìbẹ̀fun kó ẹ̀gẹ́ oko kan odindi wá láàárọ̀. Báàfù kékeré ń dé ṣáá, oníkálukú ní tòun kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí a fi kírun àsárì tán, epo ti tán nínú ẹ̀rọ. Ìyá Ìbẹ̀fun jókòó sórí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá gbé ẹní dání, kí òun sì mú aṣọ òkú òun lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ iwájú. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ìkòkò ẹkùrọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Nígbàkigbà tí báàfù kékeré bá kọjá ẹrù ńlá kan, ẹ ó ju ẹkùrọ́ kan sórí ẹrù náà. Bó bá ti pé mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè kọjá rẹ̀ mọ́, ìyàwó ọba ni o.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Àwọn kan tó ń ṣèwádìí òjò fi ìṣirò ńlá ránṣẹ́ sí wa, iṣẹ́ kéékèèké ń kọjá rẹ̀ títí òjò tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ fi rọ̀ tán. Ẹ̀rọ kankan ò bàjẹ́. Gbogbo iná ń tàn bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ tó ń dúró kì í pariwo, ẹni tó ni ín nìkan ló mọ̀. Mo bá kọ òfin ẹkùrọ́ yín sínú ètò náà. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́, wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní inú ìwé ni.

Ìyá mi, ẹ dárí jì mí.

Láti ìgbà tí Bàbá ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí wọn ò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, ẹ ti ní ẹnikẹ́ni ò ní fi abẹ kan ojú yín tó ń ṣú àfi bí ọmọkùnrin yín bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ abẹ náà àti ìtọ́jú rẹ̀ máa gbà. Mo ní mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹrù ńlá. Ìpàdé wákàtí kan kọjá rẹ̀. Ìdánwò ọjọ́ méjì kọjá rẹ̀. Ìwé ìgbélùú tí mo fẹ́ tún ṣe kọjá rẹ̀. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù nígbà kan pé bóyá ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bọ̀, kí ẹ máa gbé omi gbígbóná sílẹ̀ de ẹsẹ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sídìí kọ̀ǹpútà. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá níbí. Oòrùn ti ń wọ̀ ní aago mẹ́rin. Gàárì tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mò ń mu, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ ń ta mí léyín.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ọ̀tún ti lọ, kò sí abẹ tó lè dá a padà. Ti òsì ló kù, kò sì gbọdọ̀ dúró mọ́. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, ó gbé e kalẹ̀ kọjú sí fèrèsé yàrá yín. Mo rí àwo kékeré kan níbẹ̀. Ẹkùrọ́ márùn-ún ni mo kà. Mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè pé ó di ìgbà mìíràn, ẹ ó fi ọ̀kan sí i.

Mẹ́ta ni òfin yín. Èmi nìkan lẹ sọ ọ́ di márùn-ún fún.

Mo ti gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú, Túsìdeè ni. Ọ̀gá mi ní bí mo bá lọ lásìkò yìí, àwọn lè fi ẹlòmíràn sípò mi. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, nítorí iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́. Èyí tó ń bà mí jù ni kí n dé kí ti òsì náà ti ṣú.

Kí Ọlọ́hun dá èyí tó kù sí fún yín, kó má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀kùn tí mo bá jókòó sí mú ìbànújẹ́ jáde. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àdúgbò. Bí Ìyá Ìbẹ̀fun bá ṣì wà láyé, ẹ ní mo ní kò jẹ̀bi bó ṣe ráhùn lórí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí mo bá dé, ọwọ́ ọ̀tún yín ni n ó ti máa rìn, níbi tí ẹ ò ti ní rí mi. Ẹ má da àwọn ẹkùrọ́ yẹn nù, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kó wọn. Ẹ ṣáà má fi ẹ̀kẹfà kún un.

Ọmọ yín,
Gàníyù