Báàgì Ṣakí Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Daddy Roqeeb, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti ń sinmi. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ̀yin tí ẹ kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta péré sinmi nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ dá mi lágara, kí n má purọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ni àwọn èèyàn máa ń kọ sí irú ìwé báyìí. Wọ́n á ní olóògbé jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, akíkanjú tí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Kí wọ́n kọ tiwọn. Èmi Ajarat ìyàwó yín, inú ló ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná kí n tó sọ ìyókù.

Ṣé ẹ rántí báàgì dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa? Ọdọọdún, tó bá ti di oṣù kẹjọ tí àwọn ọmọ gba họ́lídè, ẹ ó ní kí n di ẹrù, pé à ń lọ sí Ṣakí lọ kí Màámi, ìyá yín. Màá fọ ṣẹ́ẹ̀tì yín, màá lọ̀ wọ́n, màá kó wọn sínú báàgì. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà kan á pè láti Ogudu pé géètì òun dà. Ẹ ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú báàgì, ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà yín. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ ó tún fa òmíràn yọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń wọ aṣọ ìrìn-àjò jó irin títí họ́lídè á fi parí. Ọdún méje ni mo fi di báàgì tí kò kọjá ilẹ̀kùn yàrá. Ọdún méje!

Màámi náà ń dúró. Ẹ ó pè wọ́n lórí fóònù pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ó dáa, Muideen, mo ti gbá yàrá yín." Ìyá arúgbó ń gbá yàrá fún ọdún méje, ẹnìkan ò sùn níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí ẹ kò lè lọ? Lọ́ọ̀kù! Ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkòsí, ní Ketu l'Ékòó, ẹnikẹ́ni lè gé irin, ẹnikẹ́ni lè jó o, ẹnikẹ́ni lè kùn ún lọ́dà. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kù géètì, ọwọ́ yín nìkan ló gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ ní tí lọ́ọ̀kù ò bá jókòó dáadáa, orúkọ ọ̀gá ló bàjẹ́. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kan péré kúrò, géètì á tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n á máa dúró dè yín. Fáṣínà tó jẹ́ fómáànù yín, tó ti bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò, á máa wò yín bí ẹ ṣe ń làágùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí Fáṣínà sọ fún mi lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín. Ó ní ọdún tí ibà dá yín dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, òun lòun de lọ́ọ̀kù géètì dúdú kan, torí olówó rẹ̀ ti wá ń pariwo. Ìgbà tí ẹ padà dé, géètì náà ṣì ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó yí wẹ́rẹ́. Ẹ rò pé ẹ ti ṣe é kí àìsàn tó dé. Lẹ bá pe gbogbo wọn jọ pé, "Ẹ wá wo bí lọ́ọ̀kù ṣe ń jókòó! Ta ló lè ṣe irú èyí ní gbogbo Ketu?" Gbogbo wọn mirí pé kò sí. Fáṣínà náà bá wọn mirí. Ó ní ojú ń ti òun láti dójú ti ọ̀gá òun.

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn àlejò fi ń wò mí, lẹ́yìn náà ni mo wá bú sẹ́kún. Daddy Roqeeb, ẹ lè ti lọ sí Ṣakí! Láti ọdún yẹn lẹ ti lè lọ! Ìṣẹ́jú kan péré ni kí ẹ fi bi wọ́n pé ta ló de lọ́ọ̀kù yìí.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti ga jù, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi. Ẹ ní tí géètì ẹsiteeti tó wà nílẹ̀ bá ti parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́ọ̀kù ṣì wà lọ́wọ́ yín. Báàgì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé, ó ku ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú rẹ̀.

Ẹ ò dìde mọ́; inú áńbúláǹsì tó gbé òkú lẹ wá bá dé Ṣakí. Fóònù yín ń dún lọ́wọ́ mi láti Ketu títí a fi kọjá Ọ̀yọ́. Mo gbé ọ̀kan, ọkùnrin kan ní géètì òun ńkọ́. Agbára àtisọ òótọ́ ò sí lẹ́nu mi, mo ní ẹ ti rìnrìn-àjò. Ó ní, "Ọ̀gá Muideen kẹ̀? Irọ́ ni!" Ó gé fóònù.

Roqeeb ti wọ poli báyìí. Ìdùnnú àbúrò rẹ̀ ti ga jù mí lọ. Ilé wa tó jẹ́ pé páànù lẹ fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géètì fún gbogbo ayé, ó ti ní géètì tirẹ̀. Fáṣínà ló de lọ́ọ̀kù rẹ̀, ó sì jókòó wẹ́kú.

Ṣùgbọ́n mi ò sàn jù yín, kí n jẹ́wọ́. Ìgbà tí mo gba àkóso ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní Sunday. Mo ń dúró lé Fáṣínà lórí, mo ń yí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wò, èmi tí mi ò mọ irin rírọ̀ yàtọ̀ sí líle. Lọ́dún tó kọjá, mo di báàgì dúdú yẹn, oníbàárà pè, mo sì fa ìró kan yọ. Nígbà tí mo fẹ́ fa ìkejì yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìdùnnú ti jókòó lé báàgì náà lórí. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Mummy, ṣé inú áńbúláǹsì lẹ̀yin náà fẹ́ bá lọ ni?"

Ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù yín pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Oníbàárà kan bú mi, ó ní òun ń gbé iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn, ó sì gbé e lọ lóòótọ́. Ayé ò parí. Láti ìgbà náà, a kì í ṣí ní Sunday mọ́. Nínú mítìǹ ẹgbẹ́ wẹ́dà, mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, ọ̀kan bi mí pé ta ló máa mójú tó ṣọ́ọ̀bù òun tí òun bá lọ sinmi. Mo ní, "Ẹni tó máa mójú tó o tí ẹ bá kú, ẹ jẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀."

Yàrá tí Màámi gbá ni mo ti ń kọ èyí. Àwọn ọmọ wà níta lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yín tó ṣẹ́kù yẹn kí a tó kúrò ní Ketu, mo fi sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó sì bá wa dé. Mo ti fi kọ́ sára ògiri.

Inú ṣì ń bí mi sí yín o. Mo ṣì ń wá yín lórí ibùsùn lójoojúmọ́, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì tíì fẹ́ràn yín tán. À bá jọ wà níbí.