Ìjì Tí Kò Mi Ewé Kan ní Lokogoma

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní ilẹ̀ wíwọ̀n,

Ẹ̀gbẹ́ òpó sìmẹ́ńtì tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ní Lokogoma, nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ igbó, ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Téèpù yín wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀, mi ò sì kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ eléyìí fún? Mo ti ba ilé onílé jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín náà ni mo ń ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín ti di ohun àtijọ́. Ọ̀pá kan báyìí ni tèmi, ó dé fìlà róbótó, sátẹ́láìtì tó wà lókè ló sì ń sọ ibi tí mo dúró sí fún un. Kí ẹ tó fẹ́nu kan tíì yín, mo ti ṣe tán. Ẹ̀yin ì bá ti pòṣé.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá mi rán mi wá síbí. Àwọn tó ni ẹ́sítéètì yìí fẹ́ la ọ̀nà gba ẹ̀yìn, ilé tó bá bọ́ sójú ọ̀nà, wíwó ni. Èmi ni kí n sàmì sí i. Ẹ̀yìn ilé Màmá Bísí ni mo dúró sí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Omi tútù ló gbé wá, ó fi àwo pẹlẹbẹ sábẹ́ ife, bíi ti àlejò pàtàkì. “Ọmọ mi, sànnu o. Oòrùn yìí mà le o. Gbà, mu omi.” Mo gbà á, mo mu ún tán.

Ẹ̀rọ mi ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà. Kò fẹ́ fìdí múlẹ̀ lójú kan. Á fún mi ní iye kan, kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, á ti yí i padà. Ó tiẹ̀ ń kọ ọ́ sí ojú ara rẹ̀ pé kò dá òun lójú. Mo dúró, dúró, ó sú mi. Mo ṣì ní láti sáré padà sí Gwarinpa, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Mo bá gba iye tó fún mi. Ó ní ìdajì pálọ̀ Màmá ti bọ́ sójú ọ̀nà. Mo mú ọ̀dà pupa, mo fa igi méjì kọjá ara wọn lára ògiri obìnrin tó fún mi lómi. Mo ní kó kẹ́rù, pé katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò bínú. Ó kàn gba ife lọ́wọ́ mi, ó wọlé.

Ṣé ẹ ti mọ ohun tí mi ò ṣe? Mi ò padà sídìí òpó. Ẹ̀yin, bí òjò ń bọ̀, bí ilẹ̀ ń ṣú, ẹ ó padà sí òpó tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún un wọ̀n bí ẹni tí kò rí i rí. Tó bá ti bára mu, ẹ ó fọwọ́ gbá orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀ẹ́ pẹ̀ẹ́, ẹ ó wá ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí. Ebi á máa pa àwa ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀ Pijó yín, a ó máa kùn. Mo rò pé agídí àgbà lásán ni. Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún mi? Àbí ẹ̀yin náà ti ṣi ilé ẹnì kan wọ̀n rí?

Àárọ̀ Jímọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ pè mí pé kí n má lo iye kankan tí mo bá gbà lọ́jọ́bọ̀, pé ìjì jà. Mo rẹ́rìn-ín. Ìjì wo? Aṣọ tí Màmá Bísí sá sórí okùn kò mì! Ó ní ìjì òòfà ni. Ó ní oòrùn ló pọ nǹkan gbígbóná jáde láti ara rẹ̀, ó fi bí ọjọ́ méjì rìn, ó wá kọlu òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tó ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yín kọjú sí àríwá. Òòfà yẹn ló máa ń dáàbò bò wá, àmọ́ lọ́jọ́ náà, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ní ìlú olótùútù, ojú ọ̀run pọ́n, ó tún ṣe bí ewé tútù, wọ́n ń gbé ọmọ jáde kí wọ́n wá wò ó. Ó ní tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jó tìráńsífọ́mà ńláńlá, ó lè pa rédíò mọ́ awakọ̀ òfuurufú lẹ́nu. Àwa tí iná ń lọ lójoojúmọ́, ta ló fẹ́ bi oòrùn? Àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ti dàrú. Ọ̀rọ̀ tí sátẹ́láìtì ń bá ẹ̀rọ mi sọ gba inú rẹ̀ kọjá, ó pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ mi sì ka pípẹ́ yẹn sí jíjìn. Ojú mi là gààrà. Oòrùn tó ń là lójoojúmọ́, tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí! Kí ló tún lè ṣe tí a ò ní mọ̀?

Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀ yìí mo yọ téèpù yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá wa, mo wá síbí láìsọ fún ọ̀gá. Máìgádì ẹ́sítéètì bá mi di etí téèpù kan mú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Kai! Àǹtí, ayé àtijọ́ lẹ tún padà sí?” Mo wọ̀n ọ́n láti ara òpó yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé Màmá Bísí kò sí lójú ọ̀nà, Bàbá. Ẹ̀yìn ibi tó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ni ọ̀nà gbà kọjá. Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí. Láti ìgbà tí mo dé, ara téèpù nìkan ni ojú mi wà; mo wá gbójú sókè kí n lọ nu ọ̀dà mi kúrò.

Ilé náà kò ní òrùlé mọ́.

Ó ti pe káfíńtà lánàá. Wọ́n ti tú gbogbo páànù, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ fèrèsé, kí katapílà má baà fọ́ wọn dànù. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níta, ó fi ọ̀rá bò ó. Òjò sì ti ṣú sí apá ibí yìí, dúdú kirikiri. Ó gbà mí gbọ́, nítorí mo dé akoto, mo sì mú ìwé lọ́wọ́.

Kí ni kí n sọ fún un? Pé oòrùn ni? Mo ti rò ó pé kí n pe ọ̀gá, kí n parọ́ fún Màmá pé wọ́n ti yí ọ̀nà padà, kí n bá tibẹ̀ sá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo rò ó lóòótọ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá lè ṣépè fún mi, ẹnu àgbàlagbà sì ni. Ṣùgbọ́n oòrùn kọ́ ló ní kí n má padà sídìí òpó.

Ó ti rí mi. Ó ń bọ̀, Bàbá, ó jáde látinú ilé tí kò lórí, ó rọra ń rìn kí omi má baà dànù. Ó tún fi àwo pẹlẹbẹ sábẹ́ ife.

Mo ti gbá orí òpó yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ dìde báyìí. Ẹ dúró tì mí.

Ọmọ yín tó ń kùn lẹ́yìn Pijó, tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó padà sídìí òpó, tó kàn pẹ́ dé.