Àáró Ilé Bámgbóyè

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹwàá, 1978

Àlejò dé láti Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ọláoyè ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná ti gbogbo Nàìjíríà ló rán an. Wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sínú ìwé. Ẹ̀rọ tépù ló gbé dání, ó sì gbé e ka orí aṣọ tábìlì tí mo fọwọ́ ara mi hun, kò tilẹ̀ béèrè. Láti òní lọ, Tépù lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ó ní ọkọ mi wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn ti fẹ́ gbọ́. Mo ní ẹnu wo? Wọn ò sọ fún un pé ẹ̀gbà ti kọlu Wáyà láti oṣù kẹjọ. (Wáyà ni mo ń pè é láti ìgbà tí ó ti ń fẹ́ mi sọ́nà. Akínbọ́lá wà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì.) Ọwọ́ ọ̀tún ò gbé nǹkan mọ́. Gẹ̀ẹ́sì lọ. Yorùbá tí à ń fi bá ara wa jà lọ. Èyí tó kù ni ti Adó níbí, tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, òun náà kò sì ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ: ulé, uná, omi. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo ti fi "ulé" ṣe ẹlẹ́yà títí ẹnu fi ń ro mí! Ní báyìí, mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n lè gbọ́ ẹyọ kan.

Èyí tí kò bá lè sọ, ó ń fi òòlù kékeré rẹ̀ kan irin ibùsùn. Mo fún un ní ṣíbí, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, rárá. Tépù jókòó, ó ń gba ìró òòlù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹwàá

Tépù béèrè bóyá inú gbọ̀ngàn ní Èkó ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Rárá. Bóyá Ààrẹ ẹgbẹ́ ìsinsìnyí ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Rárá — rárá tó ta mí létí. Ọmọ náà wò mí. Mo wo òrùlé.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹwàá

Mo bá Wáyà sọ ìtàn náà fún Tépù. N kò lè máa wo irọ́ níran.

Inú ilé wa ní Yábàá ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Wáyà tèmi. Ọlálẹ́yẹ, tí mo ń pè ní Àkàbà, tó ga débi pé kò nílò àkàbà. Olúfúnṣọ́, tí kì í bọ́ táì ọrùn rẹ̀ kódà lórí òrùlé — Táì nìyẹn, òun ni Ààrẹ wọn báyìí. Ẹni kẹrin ni Bámgbóyè, ọmọ Igbemo. Abẹ́ òyìnbó ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́ iná, òyìnbó kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ gidi. Bámgbóyè ló ní: ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóko wa ni ká ṣe é, ká ṣe àáró. Lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo wọn á lọ na wáyà sílé ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ̀ á máa kọ́ ẹni tí kò mọ̀ lórí iṣẹ́. Èmi ni mò ń se ẹ̀wà. Bí ọwọ́ ò bá tó, èmi náà ni mò ń kan kílíìpù tó ń di wáyà mú mọ́gi. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n wá. Bí àáró ṣe di ìpàdé nìyẹn, tí ìpàdé di ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ra àga aláwọ.

Nígbà tó kan Bámgbóyè, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú tòun. Ilé ìyá òun ní Igbemo lòun fẹ́, ọjọ́ tí iná bá dé ibẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Iná wo ló ń lọ sí Igbemo? Ibà pa á kí ẹgbẹ́ tó lórúkọ.

Tépù ní, "Màmá, wọ́n ní láti ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí n bẹ̀rẹ̀. Àáró ò lè wọ̀ ọ́."

Wáyà lajú. Ó ní, "Àáró." Ó mí. Ó ní, "Ulé Bámgbóyè."

Ó yé mi. Wọ́n ti ń ri òpó iná lójú ọ̀nà Igbemo láti ọdún tó kọjá. Mo bi í léèrè: ṣé ẹ ò ní sọ ìtàn kankan títí àáró náà yóò fi pé? Ó kan irin ibùsùn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà rẹ̀ bó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé Wáyà lọ sí Igbemo. Mo háyà mọ́tò ní ibùdókọ̀ Fájuyì, a tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú ìrọ̀rí. Olúbùnmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní mo fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń pa mí.

Lóòótọ́, òpó iná ti dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà gan-an, wọ́n ò tíì so wáyà rẹ̀.

Ìyá Bámgbóyè ṣì wà láyé. Ojú ti fọ́ pátápátá, orí pé. Mo sọ fún un pé Akínbọ́lá ò lè fọhùn mọ́, òòlù ló fi ń dáhùn, ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó kú mú. "Ọ̀kún o, ọmọ mi. Ṣé àáró ọmọ mi lo bá wá?" Wáyà, tí a gbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kan òpó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń sọ fún àwọn ará ulé pé wọ́n á wá, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló ń da òun láàmú.

Wáyà sunkún nínú mọ́tò títí a fi wọ Adó. Èmi náà sun ún, mo kọjú síta kí awakọ̀ má baà rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹwàá

Tépù padà sí Èkó. Mo rán an sí Táì àti Àkàbà: àáró ilé Bámgbóyè ti tó ṣe, Wáyà ò ní pẹ́ mọ́, kí wọ́n wá. Mo ní kí ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi Gẹ̀ẹ́sì tò ó.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹwàá

Táì rán kọngílá.

Kọngílá! Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ àti wáyà rẹpẹtẹ sínú lọ́rì, ó lọ sí Igbemo, ó na iná sílé yẹn láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ó yà síbí kó tó lọ, ó ní Ààrẹ kí Bàbá, iṣẹ́ ti parí, kí Bàbá fọkàn balẹ̀.

Wáyà yíjú sí ògiri. Mo bi í: ṣé inú yín dùn? Ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé ẹ fẹ́ jẹun? Ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí mo bi í, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ní kí alágbàṣe bá òun lọ síbi àáró, kò lọ síbẹ̀ rárá. Táì ọmọ oko mọ èyí tẹ́lẹ̀. Àga aláwọ ló mú un gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀rọ̀ dé láti Igbemo. Ìyá gbà kí kọngílá na iná sí gbogbo ilé, ó sì dúpẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tòun tọ̀pá. Ó ní yàrá ọmọ òun nìyẹn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló ni ín.

Mo sọ fún Wáyà. Ó jẹ iyán lálẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ti èmi náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Kẹwàá

Àkàbà fúnra rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó ti hunjọ, kò ga mọ́. Ó ní òun kò tètè gbọ́, ara òun náà ò dá. Ó ti lọ bá Táì jà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níwájú akọ̀wé. Àwọn méjèèjì á wá ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá. Yàrá Bámgbóyè. Wáyà á jókòó lórí àga, á máa nàka. Ṣé ó gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan. Kò fẹ́ dáwọ́ dúró mọ́, mo ní kó má wó ibùsùn lé wa lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kọkànlá

Mo fi òróró pa ẹ̀mú rẹ̀. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, bọ́tìnnì kan ti já, mo rán an.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá

Wáyà ti lọ. Ní òwúrọ̀, mo ń po ẹ̀kọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kọkànlá

A sin ín lónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ẹgbẹ́ gbé òdòdó róbótó wá, wọ́n kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn sí i lára. Táì sọ̀rọ̀ dáadáa, ó pè é ní òpómúléró ẹgbẹ́, ó ní odindi ojú ewé kan yóò jẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé ìtàn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú bí mi. Mo jókòó nínú aṣọ dúdú, inú ń bí mi sí òkú, sí alààyè, sí ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ọjọ́ márùn-ún péré, Wáyà. Ẹ ò lè dúró.

Nígbà tí èrò túká, mo pe Táì àti Àkàbà sí kọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Táì ní, "Ìyàwó wa, nínú ọ̀fọ̀ yìí?" Mo ní àáró ni, kì í ṣe àríyá. Ó tú táì rẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò.

Olúbùnmi gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Opó kì í jáde! Kí ni àwọn èèyàn Òkè-Ìlá àdúgbò wa á wí? Mo ní kí wọ́n wí i, èmi ò ní sí nílé láti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kọkànlá

A lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Ìyá yọ sí wa, ó fìka sẹ́nu. Wọn ò tíì sọ fún Ìyá pé Wáyà ti lọ. Ta ni yóò tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó tó sin ọmọ tirẹ̀? Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí itan, ó ń tẹ́tí.

Yàrá Bámgbóyè kò ju àyè ẹní méjì lọ. Àpótí kan, ṣẹ́ẹ̀tì kan lára ìṣó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Táì gun àkàbà, Àkàbà dì í mú nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà lórí ibi tí súìṣì yóò wà, gẹ́gẹ́ bíi ti Yábàá. Ọwọ́ ò tó. Mo mú òòlù Wáyà nínú báàgì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí kan kílíìpù. Ọwọ́ mi ò gbàgbé.

Ìyá ké sí wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọlálẹ́yẹ ńkọ́?"

Àkàbà ní òun rèé.

"Olúfúnṣọ́?"

"Màmá, mo wà níbí."

Ó tún pè: "Akínbọ́lá tí ẹnu rẹ̀ ò gbọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé ó bá yín wá?"

Táì fi orí kan ògiri. Àkàbà wò mí, omijé ti bò ó lójú. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà, ẹgba ni mo fi ń bá ọmọ tó bá purọ́ wí. Mo gbé òòlù sókè. Mo kan òpó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan.

"Ọ̀kún o, Akínbọ́lá," ni Ìyá wí. "Ọ̀kún uṣẹ́. Mo ti ń retí yín." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ṣé ara ti wá tù ọ́, ọmọ mi?"

Òòlù wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo mú kílíìpù mìíràn, nítorí pé ó ku ògiri kan.