Òwú Kò Lè Dá Gbé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Orogún mi kékeré ńkọ́, ọmọ rẹ tí bàbá rẹ sọ di ìyàwó láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé wọn lọ́wọ́? Àtẹ̀gùn gíga tí ẹ máa ń gùn kí ẹ tó débi yàrá yín ńkọ́, ṣé ẹ kò tíì rí ẹni bá yín dín in kù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹni tó dá ọ kò ní gbàgbé ibi tó fi ọ́ sí, ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní jẹ́ èyí tí wọ́n ti ti pa. Bàbá rẹ ń kí ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fá pákó, ariwo ayùn ni wọ́n fi ń kí ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà wà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dún bíi tèmi.

Mo ti pè ọ́ títí. Obìnrin inú fóònù yẹn ni kò jẹ́ kí n rí ọ bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè ibi tí o lọ gan-an, mo tilẹ̀ gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ohun kan náà ló ń tún sọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi bi í léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Eku òyìnbó tí o fi rán awakọ̀ sí wa dé láyọ̀. Orúkọ rẹ̀, Òwú, ni ẹ kọ sára agbọ̀n, ó sì funfun bí òwú lóòótọ́. Ó tóbi ju eku lọ, ó kéré sí ehoro, kò sì nírù rárá. Bàbá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní àbí awakọ̀ ló gba ìrù ẹ̀ dípò owó ọkọ̀ ni. Ọdẹ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa náà wá kí i káàbọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wá béèrè bó ṣe ń sanra sí, mo sì ń dúpẹ́ pé ó láájò, àfìgbà tí mo rí i pé ojú tó fi ń wò ó kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò. Mo sọ fún un pé ọmọ ọmọ mi ló ni ín. Láti ìgbà náà, òde ló ti máa ń kí i.

O ti ṣàlàyé fún mi pé méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé o bá èkejì, Bọ́tìnì, tó ti kú nínú àpótí wọn, lábẹ́ áńkáṣífù kan tí o rò pé ó fà wọlé, o sì sin ín kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé. O ní o sọ fún un pé onílé ló kọ ẹranko, pé àwọn méjèèjì ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, kí n bá ọ di ọ̀rọ̀ náà mú. Irọ́ náà kò dùn mọ́ mi, àmọ́ ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Torí náà, nígbà tí orogún mi pè wá lórí fóònù aláwòrán, tó ní òun fẹ́ rí àwọn méjèèjì, mo gbé fóònù síwájú Òwú, mo ní Òwú rèé. Mo wá gbé e lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀, mo ní Bọ́tìnì rèé, ojú ló ń tì í ni kò fi kọjú sí ọ. Ọmọ sún mọ́ fóònù. Ó ní, ìyá àgbà, wọ́n mà jọra o. Mo ní kò lè ṣe kí wọ́n má jọra, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Ṣùgbọ́n Òwú kò jẹun. Mo fún un ní koríko tútù, mo fún un ní kárọ́ọ̀tì, mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé e fún arúgbó, kò fi imú kàn án. Igun kan ló sá sí, ó kọjú sí ògiri, irun rẹ̀ dúró gán-ín. Mo gbé dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo aṣọ síwájú rẹ̀ kó lè rò pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ó lọ gbóòórùn ẹni náà, kò gbọ́ òórùn kankan, ó padà sí igun rẹ̀. Mo tan rédíò fún un, wọ́n ń ka ìròyìn lọ́wọ́, ló bá ki orí bọ abẹ́ àkísà. Mi ò bá a wí, ìròyìn ọjọ́ náà kò dáa. Bíríkìlà tó múlé tì wá ní òun á yá wa ní ehoro òun, pé etí nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. A gbé ehoro wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá Òwú, Òwú sì yí gbiri dé ìdí ẹ̀rọ mi. Bàbá rẹ ló gbé e. Wọ́n fi ẹ̀wù iṣẹ́ wọn wé e.

La bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ aláìsàn, mo kọ Òwú, mo sì fi orúkọ ìdílé ọkọ rẹ tì í, torí ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Níbi ọjọ́ orí, mo kọ pé àbúrò mi ni. Níbi tí wọ́n ti ní kí a buwọ́ lù, mo di ọwọ́ Òwú mú kó tẹ̀ ẹ́, ọmọbìnrin náà ní tèmi ni àwọn fẹ́.

Dókítà náà kò dàgbà jù ọ́ lọ. Ó wo eyín Òwú, ó tẹ̀ ẹ́ nínú, ó ní eyín kọ́, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, bí kò bá sì jẹun kíákíá, yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá òun nìkan ló ń gbé. Mo ní ó tì o, èmi àti bàbá rẹ àti adìyẹ la jọ ń gbé. Ó ní irú tirẹ̀ lòun ń béèrè. Mo wá sọ̀rọ̀ Bọ́tìnì fún un. Ó fi ọwọ́ pa Òwú lórí, ó ní, màmá, àwọn ẹ̀dá yìí kì í dá gbé, èèyàn lè fẹ́ràn wọn dójú ikú, kò lè bá wọn sọ èdè wọn. Ó ní ehoro kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹyọ kan làwọn èèyàn máa ń rà fún ọmọdé bí ẹni ra bọ́ọ̀lù, wọn kì í béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní ká wá abo mìíràn fún un, torí abo ni, bí a bá lọ mú akọ, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ wọn á lé wa síta. Títí a ó fi rí i, ká máa fi síríńjì fún un lóúnjẹ lílọ̀, kí koríko gbígbẹ má sì tán níwájú rẹ̀ láé. Èmi ń fún un láàárọ̀, bàbá rẹ lọ́sàn-án, wọ́n á gbé e lé àyà pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lára, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́.

Dókítà tún ní ẹni tó bá gba ẹranko gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún àìsàn rẹ̀, ni mo bá lọ sí báńkì láti ṣí àkáǹtì fún Òwú. Akọ̀wé ní ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Mo ní kì í pe ẹnikẹ́ni. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá wò mí títí, ó ní kí n bá òun kí Òwú. Èèyàn dáadáa ni. Mo bá a kí i.

Tíṣà kan ni dókítà júwe fún wa, abo kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí àwọn kan já jù sílẹ̀ nígbà tó sú ọmọ wọn. Ó dúdú, ó ń dán, Adúmáadán lorúkọ rẹ̀. A rò pé a ó kàn gbé e ni. Tíṣà ní ká jókòó. Ó béèrè bí ilé rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí a bá rìnrìn àjò, bóyá ológbò wà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé nígbà tí ọkọ rẹ wá fẹ́ ọ, a kò béèrè tó báyìí. Wọ́n ní àṣìṣe tiwa nìyẹn. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́.

Pákó tó yẹ kó di ibùsùn wa ni bàbá rẹ fi kan ilé fún wọn, ó fẹ̀ ju ilé ìdáná rẹ lọ. Tíṣà ní ká kọ́kọ́ fi wáyà sáàárín wọn kí wọ́n mọ òórùn ara wọn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe. Òwú dìde ní igun rẹ̀, ó wá sídìí wáyà, ó fọhùn, ohùn kan bíi ti ẹ̀rọ mi nígbà tó bá ń rìn lórí aṣọ fífẹ́lẹ́. Adúmáadán dá a lóhùn. Nígbà tí a yọ wáyà, Adúmáadán mú koríko kan ní ìdí, Òwú mú un ní orí, wọ́n jẹ ẹ́ títí ẹnu wọn fi kan ara wọn. Bàbá rẹ ní ìyẹ̀fun igi ló kó sí àwọn lójú.

Orogún mi pè lọ́jọ́ náà, lórí fóònù ọkọ rẹ, o wà níbi iṣẹ́. Inú mi dùn pé mo ní méjì gidi láti fi hàn án. Ó wò wọ́n, ó ní, ìyá àgbà, ta ni dúdú yẹn? Mo ti la ẹnu láti sọ pé Bọ́tìnì ni, pé oòrùn ibí ló sọ ọ́ di dúdú. Bàbá rẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní ó tó. Mo bá ní, Bọ́tìnì ti kú, ọmọ mi.

Ó ní, mo mọ̀.

Ó ní òun lòun kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti le. Áńkáṣífù tí o bá lórí rẹ̀, tirẹ̀ ni, òun ló fi bò ó. Ó ní òun fẹ́ sáré wá sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ò ń kọrin nílé ìdáná, ó sì ti pẹ́ tóun ti gbọ́ orin rẹ gbẹ̀yìn, òun ò fẹ́ kí orin náà dá. Nígbà tó dé láti ilé ìwé tí o sọ ọ̀rọ̀ onílé fún un, ó rí i pé ojú rẹ wú, ló bá gbà á gbọ́ fún ọ. Gbogbo bó ṣe ń ní ká fi àwọn méjèèjì han òun, etí rẹ ló ń sọ ọ́ sí. Ó bi mí bóyá Òwú mọ̀ pé Adúmáadán kì í ṣe Bọ́tìnì. Mo ní ó mọ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ọ. Mo ṣèlérí, o sì mọ̀ pé mi kì í yẹ àdéhùn, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́, mi ò sọ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún koríko gbígbẹ, àti fún pákó mìíràn, torí ilẹ̀ là ń sùn. Má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ níjelòó, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Fún awakọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ ọkọ rẹ, yóò ṣọ́ ọmọ tó ń ṣọ́ ọ. O kò ní dá wà láyé. Bí o bá parí lẹ́tà yìí, má bi í léèrè nǹkan kan. Wọ ilé ìdáná lọ, kí o kọrin sókè kó lè gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.