Alhaji Gàfárù Olúdọ̀tun, Mẹkáníìkì Tó Bá Kọ̀ǹpútà Jiyàn

Ní oṣù kẹta ọdún 1951 ni wọ́n bí Alhaji Gàfárù sí ìdílé Olúdọ̀tun ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn. Baba wọn, Àlùfáà Abdulrauf, ń kọ́ ọmọ ní kéú. Ìyá wọn, Àbẹ̀ḿbí, ń ta ẹja. Ọdún mẹ́rin péré ni Bàbá Gàfárù fúnra wọn lò nílé ìwé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n kọ́, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí Ring Road ní 1976. Bí mọ́tò bá wúkọ́ ní Challenge, Bàbá á ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1979 ni wọ́n fẹ́ Alhaja Mujeebat.

Ní 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ kò padà. Odindi oṣù mẹ́jọ, kò sí gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ yìgì Hamidah, àbíkẹ́yìn wọn, àti Ikrimah ti ń súnmọ́lé, baba ọmọ ló sì yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ fọ́kọ. Àbúrò wọn ní òun á ṣojú. Bàbá mirí pé rárá.

Wọ́n gbé wọn lọ sí Bódìjà, níbi tí Arábìnrin Tiwalọlá ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ ti sá mọ́ lẹ́nu. Àwòrán á yọ, ẹ̀rọ á dárúkọ rẹ̀, aláìsàn á pè é tẹ̀lé e. Ológbò yọ, Bàbá kàn ń wò ó níran. Àga yọ, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Ni Tiwalọlá bá lọ ya fọ́tò àwọn ẹ̀yà mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ó fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Àkúrẹ́ yìí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò ju kó wọ̀ ọ́ lọ. Kabúrétọ̀ yọ, ẹ̀rọ ní, "Rádíétọ̀."

Bàbá dìde dúró. "Irọ́. Ka-bú-ré-tọ̀."

Gbogbo Bódìjà gbọ́. Àwọn ará Àgbowó náà ní àwọn gbọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ni Tiwalọlá wí. "Èyí ńkọ́?"

"Púlọ́ọ̀gì. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Láti ọjọ́ náà ni Tiwalọlá ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi orúkọ pè. Bàbá ń bá kọ̀ǹpútà jà, ọ̀rọ̀ ń padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ yìgì, Lèmọ́mù kọjú sí àbúrò wọn. Bàbá gbọ́wọ́ sókè. "Mo fi… Hamidah… ọmọ mi… fún Ikrimah." Gbólóhùn náà pẹ́ tó àkókò tí ìrẹsì ìkòkò mẹ́wàá fi ń jiná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà.

Oṣù tó kọjá ni Bàbá lọ. Alhaja Mujeebat, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ yín, Bàbá. Ẹ sùn re. Ẹ kò fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni láti bá yín sọ.