Ìsinmi Tí Kóòṣì Rẹ Gbé Wọ Ilé Wa

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun? Àwa náà wà níbí, ara ò le tán, ṣùgbọ́n a ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, níbi tó o ti gbé irin gbọọrọ lé èjìká, tó o wá fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti lé ọ ní ọ́fíìsì ni, pé aláàárù lo wá ń ṣe. Ìgbà tó o wá ní ìwọ lò ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó o gbé e, tó o bá sì gbé e tán wàá dá a padà síbi tó wà, mo jókòó sílẹ̀. Ọmọkùnrin kejì inú fọ́tò yẹn, tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó wọ irú aṣọ rẹ, òun ni mo fi dojú kọ bàbá ẹ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan pé kó sọ ibi tó ti bí i. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló sọ fún mi pé jígí ni. Mo ti bẹ bàbá ẹ, ṣùgbọ́n kò tíì dárí jì mí tán.

A rí ìyẹ̀fun inú agolo gbà. O ò tètè sọ pé ṣe ni kí bàbá ẹ máa pò ó mu kí ara rẹ̀ lè bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́. Èmi alágbàfọ̀, mo rí nǹkan funfun, kí lo fẹ́ kí n rò? Mo fi ṣe sítáàṣì sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura tí mò ń fọṣọ fún. Aṣọ gan, kò burú, ṣùgbọ́n èèrà gbogbo àdúgbò ti sùn síbẹ̀ kí àlejò tó dé.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé gan-an ni ohùn kóòṣì tó ń kọ́ ọ ní irin gbígbé, èyí tó o gbà sílẹ̀ fún bàbá ẹ nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún. O mọ̀ ọ́n, láti kékeré rẹ ló ti ń gbé búlọ́ọ̀kù, kì í sinmi àfi tí òjò bá rọ̀. Kóòṣì ní kì í ṣe ìgbà téèyàn bá ń gbẹ́rù ni iṣan ń lágbára, pé ìgbà tó bá ń sinmi ni. Ó ní ibi téèyàn bá lò lónìí, kó fi sílẹ̀ lọ́la, kó máa jókòó mí díẹ̀ láàárín ìgbé kan sí èkejì, tó bá sì ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe èyí tó fúyẹ́. Bàbá ẹ gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ṣì wà nígboro.

Mo gbé! Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó. Tí mo bá ní kó bá mi gbé garawa, á ní ọjọ́ ẹsẹ̀ ni tòní, ọwọ́ wà ní ìsinmi. Bírìkìlà wá kó búlọ́ọ̀kù, bàbá ẹ ní kó padà wá lọ́jọ́ èjìká. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fífúyẹ́ dé, ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ká má parọ́, ẹ̀yìn náà san. Kì í kérora mọ́ tó bá fẹ́ dìde, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún.

Èmi ńkọ́? Mi ò lè gbé apá òsì sókè ya irun ara mi mọ́, aránṣọ ló ń bá mi yà á. Mo ní èmi náà fẹ́ ọjọ́ ìsinmi, bàbá ẹ ní kóòṣì ò dárúkọ aṣọ fífọ̀, pé irin ló sọ. Mo ní áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mò ń tì síwá sẹ́yìn látàárọ̀, ṣé ewé ni wọ́n fi ṣe é? Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti mumi yó ńkọ́, ṣé ó gbé e rí? Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tí ọ̀sẹ̀ fífúyẹ́ òun bá parí. Ó dùn mí gan-an, ọmọ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi fọṣọ rán ọ níwèé, kò sẹ́ni tó sọ pé iṣan wà lára mi.

Jọ̀ọ́, ní kí kóòṣì tún sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kó dárúkọ mi, kó sì le ohùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dúró dè é. Mo ti tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé, mo gbé apá lé tìmùtìmù, ìyẹn ni mo ṣe ráyè kọ̀wé. Mo ní ọjọ́ ìsinmi apá ni tòní, mo ti áyọ́ọ̀nù sí bàbá ẹ lọ́wọ́, òun ló wà nídìí aṣọ. Ó ti jó ọ̀kan, ihò rẹ̀ rí bí áyọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́. Nítorí náà, fi owó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, kó tó ra méjì, torí ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Irin ò ní já lé ọ lẹ́sẹ̀. Apá tó o fi ń gbé irin kiri yẹn, láìpẹ́ wàá fi gbé ọmọ, o gbọ́ àbí o ò gbọ́?

Bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú báyìí, òógùn bò ó, ó ní ṣé òun lè jókòó díẹ̀ láàárín aṣọ kan sí èkejì. Mo ní kó lọ bi kóòṣì.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ń sinmi.